Ẹni tó ní ìgbafẹ́ mìíràn, ìgbà wo ló ń kàwé?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré láàárọ̀, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ̀yin tí kámẹ́rà kì í kúrò lọ́rùn yín, ẹ wá sọ òótọ́. Ìgbà wo lẹ ń kàwé? Èmi ò gbà pé ẹnikẹ́ni ń ṣe méjèèjì dáadáa. Ẹni tí ìgbafẹ́ bá ti wọ̀ lára, ìwé tó ń kà ò ju ìwé nípa ìgbafẹ́ yẹn lọ, àwòrán inú ẹ̀ ló sì ń wò. Àwọn tó kù á ní ìwé àfetígbọ́ làwọn ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìwé kíkà? Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Bí irọ́ ni mo pa, ẹ sọ irú ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ràn àti bẹ́ ẹ ṣe ń rí àyè kà á.

* * *

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, torí pé orí àyè lẹ gbé ẹjọ́ yín kà. Ẹni tó ń kàwé jẹ́jẹ́ máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 200 ní ìṣẹ́jú kan. Ìwé ìtàn àròsọ tí kò tóbi jù ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 80,000. Ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ 4,000, ọjọ́ 20 sì ni ìwé náà máa gbà. Ìwé 18 nìyẹn lọ́dún, láìfọwọ́ kan wákàtí ìgbafẹ́ rárá. Kódà ẹni tí kò yára, tó ń ka 150 ní ìṣẹ́jú kan, kò ní ju ọjọ́ 27 lọ lórí ìwé kan.

Ohun tí ìgbafẹ́ ń gbà mọ́ ìwé lọ́wọ́ ni ojú àti ọkàn. Ẹni tó fi wákàtí méjì ro ìdí tí ayaba rẹ̀ fi há sórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ṣì ní ìṣẹ́jú 20 nílẹ̀ kó tó sùn. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò fẹ́ gba ìlà kankan mọ́. Ẹni tó ń tẹjú mọ́ ihò abẹ́rẹ́ láti ọ̀sán kò lè tún fi ojú yẹn wo lẹ́tà wínníwínní. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ìwé tó dáa, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni ìgbafẹ́ òun ń lò, kí ló sì ń ṣẹ́kù.

Kíróṣé tó ń lọ ní ìlà kan náà, koríko fífà, pákó fífi sáńpépà họ, eré sísá jẹ́jẹ́: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, etí ṣófo. Ṣẹ́ẹ̀sì, fọ́tò yíyà, aṣọ gígé, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì: gbogbo ara ló ń gbà, ẹ má fi ìwé sí i. Ẹ̀ka kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, èyí tó ní ìdúró nínú. Gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń lẹ pákó máa ń fẹ́ kí ẹ dè é mọ́ra fún ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan kí ẹ tó tú u. Ìwọ̀ tí ẹ jù sódò ń dúró de ẹja. Ibẹ̀ gan-an ni ìwé bébà ti ń wúlò, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò sì ń fi parí orí kan láàárín iṣẹ́ kan.

Eku méjì tẹ́ ẹ sọ, òótọ́ ni bí méjèèjì bá ń gba ojú kan náà sá lọ.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìwé àfetígbọ́. Ìjà ibẹ̀ ò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tó gbọ́ ìtàn látòkèdélẹ̀ ti ka ìtàn náà. Àwọn kejì ní etí ò lè jẹ́ iṣẹ́ ojú. Bó bá jẹ́ ìtàn, àwọn àkọ́kọ́ ló jàre. Bó bá jẹ́ ìwé tó ní àtẹ, àwòrán, ìṣirò, tàbí àríyànjiyàn tí ẹ ní láti padà sí ojú ìwé mẹ́ta sẹ́yìn kí ẹ tó lóye rẹ̀, àwọn kejì ló jàre. Kò sí ẹni tó lè fi etí kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé apá aṣọ.

Ẹni tó ń kà á sínú ẹ̀rọ máa ń ka bí ọ̀rọ̀ 150 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan. Ìwé ọ̀rọ̀ 80,000 yẹn á gba wákàtí 9 ó dín díẹ̀. Ẹ gbé ìyára sí 1.25, á sún mọ́ wákàtí 7, ohùn náà ò sì ní dà bí ti ẹni tí wọ́n ń lé. Tó bá ti ju 1.5 lọ, ìtàn máa ń pàdánù ìdánudúró rẹ̀, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín á ti kọjá lọ. Ẹni tó ń sá kìlómítà 5 ní ìṣẹ́jú 6 fún kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú 30 lọ́wọ́. Ìyẹn tó orí kan nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń sá kíá, tẹ́ ẹ ń sinmi, tẹ́ ẹ tún ń sá kíá. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, aago tẹ́ ẹ fi ń ka ìṣẹ́jú á sì tún dàrú mọ́ yín lójú.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ nìwọ̀nyí. Oníkíróṣé dé ìlà tó gbọ́dọ̀ ka iye ojú, ó ka dé 43, ẹnìkan kú nínú ìtàn, ó gbàgbé 43. Ẹ tẹ ìdádúró kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìlà yẹn, ẹ sì fi òwú aláwọ̀ mìíràn sàmì sí gbogbo ojú 20 kọ̀ọ̀kan, kó má baà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà lẹ máa padà sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Dípò kẹ́ ẹ gbé ohùn sókè tó fi ń dun etí, ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ rán etí aṣọ tàbí tẹ́ ẹ ń tú okùn. Orúkọ èèyàn inú ìtàn tún máa ń dàrú mọ́ni torí pé ẹ ò rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ fi ojú ka orí àkọ́kọ́ lórí bébà tàbí fóònù, kẹ́ ẹ wá máa fi etí bá a lọ láti orí kejì. Ẹ sì mọ ibi tí bọ́tìnnì ìṣẹ́jú àáyá 30 sẹ́yìn wà láìwo fóònù.

Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dí etí méjèèjì. Ẹni tó mú ayùn kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ìwé kankan. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú.

Fún ẹni tí kò fẹ́ náwó, ìkànnì LibriVox ti wà láti 2005, àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ló ń ka ìwé tí ẹ̀tọ́ oníǹkan ti parí lórí wọn sínú ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Àléébù ibẹ̀ ni pé ìwé kan lè ní òǹkàwé mẹ́wàá, orí kan ní ohùn kan, orí kejì ní ohùn mìíràn, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ bíi pé inú garawa ló wà. Ẹ wá èyí tí ẹnìkan ṣoṣo kà, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú méjì nínú orí àárín kẹ́ ẹ tó gbé e wálẹ̀. Orí àkọ́kọ́ sábà máa ń dáa ju ìyókù lọ. Ẹ̀dà tó ṣeé fojú kà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Project Gutenberg, tí Michael Hart dá sílẹ̀ ní 1971, ẹ lè fi méjèèjì ti ara wọn lẹ́yìn.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dáhùn ti etí. Ti pé ìwé ìgbafẹ́ nìkan la ń kà ńkọ́?"

Àbúrò, ibẹ̀ ni mo ti ta ko ẹni tó bi ìbéèrè jù. Ó ní ẹ ń wo àwòrán. Ẹni tó bá ka ìwé iṣẹ́ ọwọ́ bí ẹní ń ka ìtàn, láti ojú ìwé 1 dé òpin, lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, òun gan-an ni kò kà á. Ohun èlò ni ìwé bẹ́ẹ̀. Tábìlì ló yẹ ẹ́.

Ẹ mú ìwé ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹ tẹ́ pátákó, ẹ to ọmọ sí i. Ẹ wá páálí tó fẹ̀ tó ojú ìwé, ẹ fi bo gbogbo ìlà tó wà nísàlẹ̀ ibi tẹ́ ẹ dé. Ẹ yan ẹ̀gbẹ́ tó borí, ẹ máa ta ọmọ bí ìwé ṣe wí títí dé ìgbà kẹwàá. Láti ibẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ tó sún páálí wálẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin ì bá ta sílẹ̀. Ẹ wá sún un. Bó bá bá ti inú ìwé mu, ẹ máa lọ. Bó bá yàtọ̀, ẹ dúró, ẹ wá ìdí rẹ̀ fúnra yín kẹ́ ẹ tó ka àlàyé. Eré kan ṣoṣo, ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lè gba wákàtí kan, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni àwọn ọ̀nà mìíràn tí òǹkọ̀wé máa ń kó sínú àkámọ́: "ká ní ó ta báyìí ni, èyí ni ì bá ṣẹlẹ̀." Ẹ tẹ̀ lé e lọ ní ìgbà mẹ́fà, ẹ fẹ́ padà, ẹ ò mọ ibi tí ẹṣin wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ lo pátákó kejì fún inú àkámọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù ya pátákó kẹ́ ẹ tó yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ìwé ṣẹ́ẹ̀sì èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́ tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Wọ́n á kọ P-K4, ìyẹn ni pé ọmọ kékeré iwájú ọba lọ sí ilé kẹrin. Fún funfun, ilé tí wọ́n ń pè ní e4 lónìí nìyẹn. Fún dúdú, e5 ni, torí pé oníkálùkù ń ka ilé láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á gbé ọmọ dúdú sí ibi tí kò yẹ, á wá máa bú òǹkọ̀wé pé ó ṣi eré kọ. Láti 1981 ni FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, kò ti gba ọ̀nà àkọsílẹ̀ yẹn mọ́, ṣùgbọ́n ìwé tó dáa jù nípa àwọn eré àtijọ́ ṣì pọ̀ nínú ẹ̀. Wákàtí méjì tó láti kọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kó lé yín sá.

* * *

Oníkíróṣé náà ní tiwọn, ó sì burú ju ti ṣẹ́ẹ̀sì lọ torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ilẹ̀ méjì ń lò fún nǹkan méjì. Ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti Ìlú Ọba pè ní double crochet, single crochet ni ti Amẹ́ríkà ń pè é. Treble ti Ìlú Ọba ni double crochet ti Amẹ́ríkà. Ẹ fi ti Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ ní ti Ìlú Ọba, ojú kọ̀ọ̀kan á ga ju bó ṣe yẹ lọ, òwú á tán láàárín iṣẹ́, fìlà ọmọdé á gba àgbàlagbà. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ kíá: ẹ wá single crochet nínú ìwé náà. Bó bá wà níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni. Àwọn ti Ìlú Ọba kì í lò ó.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ka ìwé Amẹ́ríkà á rí 2×4, á gbà pé ínǹṣì 2 sí 4 ni. Rárá o. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fá pákó náà tán, ínǹṣì 1½ sí 3½ ló ń jẹ́, ìyẹn mílímítà 38 sí 89. Ẹni tó bá fi orúkọ rẹ̀ wọn ihò ìsopọ̀, pákó á máa mì nínú ẹ̀ bí eyín ọmọdé.

Aránṣọ, ẹ wo ojú ìwé tí wọ́n kọ àlàyé àpẹẹrẹ aṣọ sí kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ tí wọ́n ń tà nínú àpòòwé ti fi sẹ̀ntímítà 1.5 kún etí fún ìrán. Àwọn tó wà nínú ìwé ìròyìn àti ìwé ńlá sábà máa ń yọ ọ́ kúrò, ẹ̀yin lẹ máa fi kún un. Ẹni tó bá gbójú fò ó, aṣọ á fún un lára ní gbogbo etí ìrán, kò sì sí àtúnṣe.

Ọlọ́gbà, ẹ wo ibi tí òǹkọ̀wé ń gbé. Oṣù kẹta nínú ìwé tí wọ́n kọ fún ìhà àríwá ayé, oṣù kẹsàn-án ni ní ìhà gúúsù, ògiri tó kọjú sí gúúsù tí wọ́n ní oòrùn ń pa dáadáa, ní ìhà kejì, òun ló wà nínú òjìji. Ẹni tó wà láàárín, níbi tí òtútù gidi ò ti sí, òjò ni kó fi wọn àsìkò.

Ìwé fọ́tò ló rọrùn jù. Orí tó bá sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kì í gbó: bẹ́ ẹ bá dín ihò lẹ́ńsì kù láti f/4 lọ sí f/5.6, ìmọ́lẹ̀ dín sí ìdajì, bí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ padà sí 1/125. Bó ṣe rí nígbà fíìmù nìyẹn, bó ṣe rí lónìí náà nìyẹn. Orí tó bá sọ nípa ètò kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ fò, ọdún díẹ̀ ló fi ń di ìtàn.

* * *

"Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé mẹ́rin, mi ò parí ọ̀kankan. Ṣé kí n padà sí i?"

Nancy Pearl, tó ti fìgbà kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ní òfin kan tó gbajúmọ̀: ẹ ka ojú ìwé 50, bí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 50, kó yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 100. Ẹni ọdún 70 á ka ojú ìwé 30 péré kó tó pinnu. Mo fara mọ́ ọn fún ìtàn. Fún ìwé iṣẹ́ ọwọ́, òfin yẹn ò kan yín. Ẹ wo àkóónú, ẹ wo atọ́ka tó wà lẹ́yìn, ẹ ka ojú ìwé méje tẹ́ ẹ nílò, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó ń parí ìwé atọ́nà.

* * *

Ẹnìkan ní ọwọ́ òun máa ń dọ̀tí, ìwé ò sì dúró lórí tábìlì, á pa dé. Ìdè ìwé ló fa ìyẹn. Ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ lẹ́yìn kì í fẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí wọ́n fi òwú rán ń tẹ́. Ẹ wo òkè ẹ̀yìn ìwé náà dáadáa: bẹ́ ẹ bá rí ìdì bébà kéékèèké tí wọ́n ká sínú ara wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rírán. Bí àwọn bébà bá rí bí ìdì kan ṣoṣo tí wọ́n gé gbọọrọ, gọ́ọ̀mù ni.

Ẹ má ya ìwé tuntun tó ní gọ́ọ̀mù láti àárín, ẹ̀yìn rẹ̀ á là, ojú ìwé á sì máa já bọ́ láti ibẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé tábìlì, ẹ jẹ́ kí páálí iwájú àti ti ẹ̀yìn sùn sílẹ̀, ẹ di bébà inú mú kó dúró ṣánṣán. Ẹ tẹ bí ewé 10 sílẹ̀ níwájú, ẹ fi ìka fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìdí ibi tó ti so mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ ṣe 10 lẹ́yìn. Ẹ padà síwájú. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe títí ẹ ó fi dé àárín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Fún ọwọ́ tó dọ̀tí, ẹ ti fóònù tàbí ẹ̀rọ ìkàwé bọ inú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dí lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ṣì máa ń mọ ìka láti inú ọ̀rá. Eruku pákó ni ọ̀tá ihò tí wọ́n fi ń gba iná sí i ju omi lọ, torí náà ẹnu ọ̀rá ni kẹ́ ẹ dí.

* * *

Ẹ jẹ́ n padà sí irú ìwé táwọn èèyàn fẹ́ràn, torí a ti rìn jìnnà sí i. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé asáré á ka ìwé asáré, apẹja á ka ìwé odò. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan láti àárọ̀ ń fẹ́ ibi tó jìnnà sí i. Fún oníkíróṣé àti ẹni tó ń fi sáńpépà họ pákó, ìtàn ọ̀daràn tó ní ìdìpọ̀ mẹ́jọ mẹ́sàn-án ló bá etí mu: ẹ ti mọ àwọn èèyàn inú ẹ̀, bí ìṣẹ́jú méjì bá fò yín, ẹ ò sọnù. Asáré nílò ìtàn tó ń lọ tààrà, bí ìrìn àjò tàbí ìtàn ìgbésí ayé. Ìtàn tó ń fo síwá sẹ́yìn láàárín ọdún 40 á sú u ní kìlómítà kejì. Ataṣẹ́ẹ̀sì tí ọpọlọ rẹ̀ ti rẹ̀, ìtàn kúkúrú ojú ìwé 15 ni kó mú, kó parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sùn. Ayafọ́tò tí ojú ti rẹ̀, ewì.

Ìwé méjì ló tó lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan fún tábìlì iṣẹ́, ọ̀kan fún ibi tí ìgbafẹ́ yín ò lè dé. Ẹ̀kẹta ló ń sọ méjì àkọ́kọ́ di àpatì. Ẹ má sì gbé ìwé ìtàn sínú yàrá tẹ́ ẹ ti ń ránṣọ, aṣọ ló máa borí.

Bí ìdíje tàbí iṣẹ́ ńlá bá gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní rántí ibi tẹ́ ẹ dé. Kẹ́ ẹ tó pa ìwé dé nígbàkígbà, ẹ kọ ìlà kan sára káàdì àmì: ta ló wà níbẹ̀, kí ló ń wá, ta ni kò fẹ́ kó rí i. Tẹ́ ẹ bá padà, ẹ ka káàdì, ẹ ka ojú ìwé méjì sẹ́yìn, ẹ máa lọ. Láìsí káàdì, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á dé ojú ìwé 60 lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á ní ìwé náà ò dùn.

* * *

"Apẹja ńkọ́? Ẹ kàn dárúkọ wa ni."

Bébà ni kẹ́ ẹ mú lọ. Ojú fóònù sábà máa ń ṣòro kà lójú oòrùn, bó bá sì já sódò, ó parí. Ẹ so agogo kékeré mọ́ orí ọ̀pá ìwọ̀ kí ojú yín lè kúrò lára ẹ̀; agogo ló máa pè yín. Ẹ fi rọ́bà kan dè ojú ìwé apá òsì, òmíràn fún apá ọ̀tún, nítorí afẹ́fẹ́. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀pá wọlẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé, torí ẹja ńlá kì í dúró de ìparí ìlà, ó lè gbé ọ̀pá àti agogo lọ pa pọ̀.